Ìràwọ̀ Tí Irin Wọ́n Lára Rẹ̀

Àgbà ìràwọ̀ kì í hu ewú. Bí a bá gbójú sókè lálẹ́, kò sí àmì kankan lára àwọn tó ń tàn lókè yẹn tí yóò fi hàn wá pé èyí ni bàbá, ìyẹn ni ọmọ. Àwọ̀ ìràwọ̀ ń sọ bí ojú rẹ̀ ṣe gbóná tó. Kì í sọ ọdún tí wọ́n bí i. Síbẹ̀ àwọn èèyàn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni kí wọ́n máa wá ìràwọ̀ tó pẹ́ láyé jù lọ. Kì í ṣe ohun tí ìràwọ̀ náà ní ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, bí kò ṣe ohun tí kò ní. Irin ni wọ́n ń wò. Bí irin bá ṣe wọ́n lára ìràwọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fura sí i tó pé àgbà ni.

Kí ló kan irin níbẹ̀? Nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 13.8 sẹ́yìn ni gbogbo ohun tó wà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a ń pè ní Ìbúgbàmù Ńlá. Nígbà tí ìgbóná ọjọ́ yẹn rọlẹ̀ díẹ̀, èròjà tó délẹ̀ kò ju háídrójìn, hílíọ̀mù àti lítíọ̀mù bíńtín lọ. Kò sí kábọ́ọ̀nù, kò sí ọ́síjìn, kò sí irin. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi mọ eegun tàbí kó fi rọ ọkọ́. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún mélòó kan ni àwọn ìràwọ̀ àkọ́kọ́ tàn, láti ara háídrójìn àti hílíọ̀mù yẹn. Ohun tí ìṣirò ń sọ fún wa ni pé wọ́n tóbi gan-an, wọ́n gbóná gan-an, wọn ò sì lò ju mílíọ̀nù ọdún díẹ̀ lọ. Inú wọn ni èròjà tó wúwo ti kọ́kọ́ jinná. Nígbà tí wọ́n kú, wọ́n bú gbàmù, wọ́n sì fọ́n èròjà wọ̀nyí sínú gáàsì tó yí wọn ká. Gáàsì yẹn ló di ìràwọ̀ ìran kejì. Ìran kejì náà kú, ó fi tirẹ̀ kún un, ìran kẹta gbà á.

Ẹ fojú inú wo ìkòkò ọbẹ̀ kan tí a kì í fọ̀, tí gbogbo ẹni tó bá dé ìdí iná ń bu iyọ̀ díẹ̀ sí. Ẹni tó bá bu ọbẹ̀ tirẹ̀ láàárọ̀, iyọ̀ inú rẹ̀ á kéré. Ẹni tó bá dé nírọ̀lẹ́, iyọ̀ á ti pọ̀. Oòrùn wa bu tirẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bílíọ̀nù ọdún 4.6 péré ló tíì lò, èròjà tó wúwo ju hílíọ̀mù lọ kò sì pé ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ara rẹ̀. Ìdá yẹn lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n lójú àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn yìí, olówó ni oòrùn. Ìràwọ̀ tí wọ́n ń wá ni èyí tí irin rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ti oòrùn, tàbí ìdá kan nínú 100,000.

Ẹnì kan lè béèrè pé ṣé irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ò ti kú tipẹ́. Àwọn ńlá ti kú. Ìràwọ̀ ńlá ń jẹ ohun ìní rẹ̀ ní wàràwàrà. Kékeré, tí ìwúwo rẹ̀ kò ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ti oòrùn lọ, a máa ṣọ́ tirẹ̀ jẹ, débi pé gbogbo ọdún tó ti kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ kò tíì tó láti pa á. Àwọn kékeré wọ̀nyí ṣì wà láàárín wa, nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa gan-an. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yìí fi yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń fi awò ńlá wo ọ̀nà jíjìn réré láti rí ìmọ́lẹ̀ àtijọ́. Àwọn ti ibí yìí dà bí awalẹ̀pìtàn, wọ́n ń tú àdúgbò tiwọn wò.

Bí a ṣe ń mọ ohun tó wà lára ìràwọ̀ láìfọwọ́ kàn án kò ṣòroó sọ. Bí a bá la ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè, a óò rí àwọn ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí èròjà kọ̀ọ̀kan ti gba ìpín tirẹ̀ mì. Irin ní ìlà tirẹ̀, kálísíọ̀mù ní tirẹ̀. Kíka ìlà ọ̀hún bó ṣe yẹ ni ìṣòro. Cecilia Payne, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1900, kẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge nígbà tí yunifásítì náà kì í fún obìnrin ní oyè. Ó kọjá sí Harvard, ó sì kọ ìwé ìwádìí rẹ̀ síbẹ̀ ní 1925. Ohun tó rí ni pé háídrójìn ló kún inú ìràwọ̀, kì í ṣe irú èròjà tó kún inú ilẹ̀ wa. Henry Norris Russell, àgbà nínú iṣẹ́ náà, sọ fún un pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin náà sì kọ ọ́ sínú ìwé ara rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí èsì ọ̀hún má jẹ́ òótọ́. Ní 1929, Russell fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà, ó sì gbà pé òótọ́ ni. Harvard kò sọ Payne di ọ̀jọ̀gbọ́n títí di 1956. Mo mẹ́nu bà á níbí nítorí pé kò sí ẹni tó lè sọ pé irin wọ́n lára ìràwọ̀ kan láìkọ́kọ́ gba ohun tí obìnrin yìí sọ gbọ́.

Ogun ló ṣí ilẹ̀kùn tó tẹ̀ lé e. Walter Baade jẹ́ ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ lórí òkè Mount Wilson ní Kalifóníà. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ka òun sí ọmọ ìlú ọ̀tá, wọn kò sì lò ó fún iṣẹ́ ogun bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn ará Los Angeles máa pa iná lóru nítorí ìbẹ̀rù ìkọlù. Báyìí ni awò tó tóbi jù láyé nígbà náà, pẹ̀lú òkùnkùn tí kò tíì sí irú rẹ̀, ṣe wà fún Baade. Ní 1944 ó kéde pé ìràwọ̀ pín sí oríṣi méjì. Nígbà tó di 1951, Joseph Chamberlain àti Lawrence Aller fi hàn pé irin ara ìràwọ̀ méjì kan, HD 19445 àti HD 140283, kéré púpọ̀ sí ti oòrùn.

HD 140283 yìí kò jìnnà, nǹkan bí igba ọdún ìmọ́lẹ̀ ni, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lo nǹkan bí igba ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ojú lásán kò lè rí i, àmọ́ ẹni tó bá ní awò olójú méjì, tó sì mọ ibi tí yóò gbé e kọjú sí, lè rí i láti Ìbàdàn tàbí Pọ́tó Nófò. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé oṣù karùn-ún sí ìkeje ló máa ń wà lókè dáadáa ní ìrọ̀lẹ́, òjò kì í sì í jẹ́ kí ojú ọ̀run wa mọ́ lásìkò yẹn.

Inú ìdílé iṣẹ́ yìí ni Anna Frebel bọ́ sí. Berlin ni wọ́n bí i sí ní 1980, Göttingen ló dàgbà sí. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ físíìsì ní Freiburg, kó tó lọ sí Ọsirélíà, sí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ wọn ní Canberra, níbi tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lórí òkè Mount Stromlo. Òkè náà rí ogun tirẹ̀: ní oṣù kìíní 2003, iná igbó jó awò tó wà níbẹ̀ run. Ṣùgbọ́n yunifásítì náà ní òkè kejì, Siding Spring, tí awò tí gbígbòòrò dígí rẹ̀ jẹ́ mítà 2.3 wà. Ibẹ̀ ni Frebel ti ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀.

Ohun tí wọ́n gbé fún un kì í ṣe iṣẹ́ tó ń dán. Àwọn ará Hamburg ti ya ojú ọ̀run gúúsù láti orí òkè kan ní Chile, lórí àwo fọ́tò ńláńlá. Àwọn ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lórí àwo wọ̀nyẹn ni àwọn èèyàn ti pa tì, nítorí ìmọ́lẹ̀ wọn ti pọ̀ jù fún àwo náà, a kò sì lè ka ìlà wọn dáadáa. Àwọn tí a pa tì yìí ni Frebel kó nílẹ̀. Ó ṣa 1,777 nínú wọn. Ó ní láti wo wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú awò tó mọ níwọ̀n, kó yọ àwọn tí irin wọn kò pọ̀ sọ́tọ̀, kó tó wá tọrọ òru lórí awò ńlá fún ìwọ̀nba díẹ̀ tó kù. Ó dùn mọ́ mi pé nínú èyí tí a kà sí àjẹkù ni ohun tó dára jù ti jáde.

HE 1327-2326 ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ náà kò dùn lẹ́nu, àdírẹ́sì ni: lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí àwo Hamburg, nọ́ńbà tó kù sì jẹ́ ibi tí ìràwọ̀ náà jókòó sí lójú ọ̀run. Nígbà tí wọ́n fi Subaru wò ó ní 2004, ìyẹn awò tí àwọn ará Japan ní ní Hawaii, tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 8.2, irin tó wà lára rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú 250,000 ti oòrùn lọ. Títí di ìgbà náà, wọn kò tíì rí ìràwọ̀ tí irin rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀. HE 0107-5240 tí Norbert Christlieb àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ní 2002 ló wà lórí àga náà tẹ́lẹ̀. Ìwé ìròyìn Nature gbé ti Frebel jáde ní 2005, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ṣì jẹ́.

Ìràwọ̀ méjèèjì bára mu níbì kan tó yẹ ká dúró lé lórí: irin wọ́n gan-an lára wọn, ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Báwo ni ìràwọ̀ tó kú ṣe lè fọ́n kábọ́ọ̀nù káàkiri kó má fọ́n irin? Ibi tí èròjà wà nínú ìràwọ̀ ló fa èyí. Ikùn rẹ̀ gan-an ni irin ń wà, kábọ́ọ̀nù ń wà lókè rẹ̀. Bí ìbúgbàmù náà kò bá lágbára púpọ̀, èyí tó wà lókè á jáde, èyí tó wà nísàlẹ̀ á padà wọ inú ihò dúdú tó ń ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Fún ọdún púpọ̀, àlàyé yìí ni wọ́n fi ń tu ara wọn lójú. Ní 2019, Rana Ezzeddine pẹ̀lú Frebel àti àwọn mìíràn fi awò Hubble wo HE 1327-2326 láti òfuurufú, wọ́n sì rí síńkì tó pọ̀ níbẹ̀. Ikùn ni síńkì náà ti ń wá, bíi ti irin. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ìbúgbàmù yẹn kò rí roboto: ó tú jáde ní ìhà kan ju ìhà kejì lọ, pẹ̀lú agbára ńlá, ó sì gbé díẹ̀ nínú ohun ikùn jáde. Gbogbo èyí jẹ́ ìtàn ikú ìràwọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò rí, tí ó sì ti kú kí oòrùn tó wà rárá, ọmọ rẹ̀ ló ń ròyìn rẹ̀ fún wa.

Irin ń sọ ẹni tó tètè dé. Kò sọ iye ọdún. Ó tiẹ̀ lè tàn wá jẹ, nítorí pé ní ìṣùpọ̀ kékeré tí ìràwọ̀ kì í bí ìràwọ̀ lemọ́lemọ́, gáàsì lè pẹ́ kó tó lọ́rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún gan-an gbọ́dọ̀ rí aago. Frebel rí ọ̀kan lára HE 1523-0901, tó kéde ní 2007. Yùréníọ̀mù àti tóríọ̀mù wà lára ìràwọ̀ yìí, a sì mọ bí àwọn méjèèjì ṣe ń dínkù: ìdajì yùréníọ̀mù ń pòórá láàárín bílíọ̀nù ọdún 4.5, ìdajì tóríọ̀mù láàárín bílíọ̀nù 14. Bí a bá mọ iye tó yẹ kó wà níbẹ̀rẹ̀, tí a sì wọn èyí tó kù, ọdún á jáde. Ohun tó jáde ni bílíọ̀nù 13.2. Ìlà yùréníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ó fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà irin, ìràwọ̀ tí a sì ti kà á lára wọn kò pọ̀.

Ibí yìí ni mo ti máa ń bínú sí àwọn oníròyìn. Wọ́n gbé 13.2 jáde bí ẹni pé ìwé ìbí ìràwọ̀ náà wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Àṣìṣe tó lè wà nínú ìṣirò náà ju bílíọ̀nù ọdún méjì lọ ní ìhà méjèèjì, Frebel àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí HD 140283 ní 2013, nígbà tí wọ́n fi Hubble wọn jíjìn rẹ̀, tí ìṣirò wá fún un ní bílíọ̀nù 14.5. Ariwo ta pé ìràwọ̀ kan ti dàgbà ju ayé òun ọ̀run lọ. Àṣìṣe ìṣirò yẹn jẹ́ bílíọ̀nù 0.8, èyí tó tó láti mú un wọlé sáàárín 13.8 láìsí ìjà.

Lẹ́yìn Ọsirélíà, Frebel lọ sí Texas, ó ti ibẹ̀ lọ sí Harvard, ní 2012 ó sì di olùkọ́ ní MIT, níbi tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo kọjá lórí èyí wéré nítorí pé gbogbo oníṣẹ́ ìmọ̀ ló ń rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Chile ni iṣẹ́ gidi wà. Lórí òkè Las Campanas, ní aṣálẹ̀ Atacama, awò Magellan méjì wà, mítà 6.5 ni dígí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Baade ni wọ́n fi sọ ọ̀kan, ọ̀gbẹ́ni tó lo òkùnkùn ogun ọjọ́sí. Èkejì ń jẹ́ Clay, Clay yìí ni Frebel sì ń lò jù. Ẹnikẹ́ni kì í fojú sí ihò awò mọ́. Yàrá kan ni wọ́n ń jókòó sí, níwájú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n á máa ṣọ́ ìlà kan tó ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ìwé ni wọ́n fi ń tọrọ òru, oṣù púpọ̀ ṣáájú, ìgbìmọ̀ ló ń pín in. Bí kùrukùru bá bo ojú ọ̀run lóru tìrẹ, ó parí nìyẹn, ẹlòmíràn ló ni ọ̀la.

Ó sàn ju ti Margaret Burbidge lọ ṣáá. Nígbà tí obìnrin onímọ̀ ìràwọ̀ yìí fẹ́ lo Mount Wilson láàárín ọdún 1950 sí 1960, wọn kò fún obìnrin ní òru. Geoffrey ọkọ rẹ̀ ló gba òru lórúkọ ara rẹ̀, ìyàwó sì bá a lọ bí olùrànlọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìyàwó gan-an ni ọ̀gá iṣẹ́ náà. Ní 1957, tọkọtaya náà pẹ̀lú William Fowler àti Fred Hoyle tẹ ìwé tó ṣàlàyé bí ìràwọ̀ ṣe ń se èròjà, èyí tí gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí dúró lé lórí. Frebel fúnra rẹ̀ kò gbàgbé irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀: ó máa ń wọ aṣọ bíi ti Lise Meitner, tó bá wọn ṣàlàyé bí inú átọ́ọ̀mù ṣe ń là sí méjì, tí wọn kò sì fún ní ẹ̀bùn Nobel, a sì máa ṣe eré rẹ̀ fún àwọn òǹwòran.

Ní 2014, Stefan Keller àti àwọn ará Ọsirélíà, pẹ̀lú Frebel nínú ẹgbẹ́ wọn, kéde ìràwọ̀ kan tí wọn kò rí irin lára rẹ̀ rárá. Wọ́n fi Clay wò ó, wọ́n tún un wò, ìlà irin kankan kò hàn. Ohun tí wọ́n lè sọ kò ju pé bí irin bá wà níbẹ̀, kò pé ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá ti oòrùn. Ìbúgbàmù ẹyọ kan ṣoṣo ló jọ pé ó bù sí ìkòkò kí wọ́n tó bí ìràwọ̀ yìí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú iṣẹ́ Frebel kì í ṣe èyí. Ní 2015 wọ́n rí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kékeré kan tó wà ní nǹkan bí 100,000 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa, wọ́n pè é ní Reticulum II. Alexander Ji, akẹ́kọ̀ọ́ Frebel, gbé Magellan kọjú sí mẹ́sàn-án nínú ìràwọ̀ rẹ̀. Irin wọ́n lára wọn bí wọ́n ṣe retí, ṣùgbọ́n lára méje nínú wọn, àwọn èròjà tó wúwo jù, irú èyí tí wúrà àti yùréníọ̀mù jẹ́, pọ̀ lọ́nà tí wọn ò rí rí ní irú ìṣùpọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé àwọn ti ṣìṣe. Nínú ìṣùpọ̀ mìíràn tó jọ ọ́, irú èròjà bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ìràwọ̀ ńlá tó bú gbàmù ló ń pèsè wúrà díẹ̀díẹ̀, gbogbo ìṣùpọ̀ ìbá ní in ní bákan náà. Ohun kan tó ṣọ̀wọ́n ló gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ní Reticulum II lẹ́ẹ̀kan, kó sì bù púpọ̀ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù méjì tó forí gbárí ni wọ́n fura sí jù, ìyẹn òkú ìràwọ̀ ńlá tí ìwúwo rẹ̀ ju ti oòrùn lọ, tí kò sì fẹ̀ ju ìlú kan lọ. Wọ́n tẹ èyí jáde ní 2016. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ 2017, àwọn ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìgbì agbára òòfà gbọ́ irú ìforígbárí bẹ́ẹ̀ gan-an, àwọn awò kọjú sí ibẹ̀, wọ́n sì rí àmì èròjà wúwo tuntun nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Òrùka tó wà lọ́wọ́ ìyàwó ilé kan ní Ọ̀yọ́ lè ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nínú.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń nílò òru tuntun. Ní 2022, Frebel bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kan ní MIT níbi tó ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gba oyè àkọ́kọ́ tú àwọn ohun tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ti kó jọ láti Magellan ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn. Ìràwọ̀ mẹ́ta ló jáde, tó jọ pé wọ́n ti wà láti bílíọ̀nù ọdún 12 sí 13. Gbogbo wọn ń yí lòdì sí ọ̀nà tí èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣùpọ̀ wa ń gbà yí. Àtọ̀húnrìnwá ni wọ́n: ìṣùpọ̀ kékeré tí wọ́n ti wá ni tiwa gbé mì láyé àtijọ́. Ìwé náà jáde ní 2024, orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lórí rẹ̀.

Ìràwọ̀ ìran àkọ́kọ́ gan-an ni ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Bó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ló tóbi, gbogbo wọn ti kú, wíwá wọn nítòsí kò lè so èso kankan. Bó bá sì jẹ́ pé díẹ̀ nínú wọn kéré, àwọn yẹn ṣì wà láàyè lónìí. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ tó ti ń rìn fún bílíọ̀nù ọdún 13 á ti gba inú gáàsì onírin kọjá lọ́pọ̀ ìgbà, irin díẹ̀ lè ti dà lé e lójú. A jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn lè ti wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹnì kan, tí a kà á mọ́ ìran kejì, tí a sì ti kọjá lọ.